Nova Launcher lórí fóònù ìyá mi ní Kétu

Lọ́jọ́ tí fóònù ìyá mi gba àtúnṣe tuntun, ojú rẹ̀ yí padà pátápátá. Àmì ìpè kúrò nísàlẹ̀ lápá òsì, ti mòmó, áàpù owó orí fóònù, bọ́ sí ojú ewé kejì, àwọn àmì tí a kò mọ̀ rí sì gba àyè wọn. Gaàrí àti èlùbọ́ ni ìyá mi ń tà ní Kétu, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Oníbàárà dúró níwájú wọn pé òun ti fi owó ránṣẹ́, wọn ò sì rí ibi tí wọ́n á ti wò ó. Fóònù ará ìsọ̀ kejì ni wọ́n fi pè mí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo): "Ta ló wọ inú fóònù mi tó tún ẹrù mi tò?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, torí òótọ́ ni. Ìyá mi ò gbọ́ Faransé, Faransé sì ni fóònù náà ń sọ. Ibi tí nǹkan wà àti àwọ̀ rẹ̀ ni wọ́n fi ń dá a mọ̀, bí wọ́n ṣe ń na ọwọ́ sí igbá gaàrí láìwẹ̀yìn.

Nígbà tí mo gòkè lọ sí Kétu, mo gbé Nova Launcher sí i. Launcher ni áàpù tó ń tẹ́ ojú fóònù: ibi tí àmì ń jókòó, bó ṣe tóbi tó, orúkọ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Android gbà kéèyàn pààrọ̀ tirẹ̀. iPhone ò gbà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iOS 18, ètò iPhone ti ọdún 2024, ti jẹ́ ká lè gbé àmì síbi tó bá wù wá. Ẹ̀dà ọ̀fẹ́ ni mo lò, mi ò san owó Prime, ìyẹn ẹ̀dà olówó rẹ̀.

Mo pín ojú fóònù sí òpó mẹ́ta, mo sọ àwọn àmì di ńlá, mo fi mẹ́sàn-án péré sílẹ̀. Orúkọ ló dùn mọ́ mi jù. Tẹ àmì mọ́lẹ̀, wàá rí ibi tí o ti lè tún orúkọ rẹ̀ kọ. Ìyá mi kọ́ ìwé Yorùbá ní kíláàsì àwọn àgbà, ɛ àti ɔ tiwa ní Bẹ̀nẹ̀ ni wọ́n sì fi kọ́ wọn, kì í ṣe ẹ àti ọ ti Nàìjíríà. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe kọ ọ́: "Messages" di "Ɔ̀rɔ̀", mòmó di "Owó". Ìyá mi kà á sókè, wọ́n tún un kà, wọ́n wá ní kí n pe ẹ̀gbọ́n mi wá wò ó.

Mo tún to àwòrán àwa ọmọ mẹ́ta sójú fóònù. Tí wọ́n bá ti tẹ ojú mi, ó ń pè mí nìyẹn. Android fúnra rẹ̀ ló ní èyí, kì í ṣe Nova.

Láti Android 12 ti ọdún 2021, àwòrán ẹ̀yìn lè pa àwọn àmì láró lórí àwọn fóònù kan, kí ọ̀pọ̀ wọn di àwọ̀ kan. Ó lẹ́wà lórí fóònù tèmi. Mi ò jẹ́ ṣe é sí tiwọn, torí àwọ̀ ewé ni wọ́n fi mọ WhatsApp. Bọ́tìnnì mẹ́ta ìsàlẹ̀ náà ni mo fi sílẹ̀. Fífi ìka fa ojú fóònù sókè ò bá ẹni tí ìyẹ̀fun èlùbọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ mu.

Ohun kan ń kọ mí lóminú. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Branch ra Nova ní 2022, Kevin Barry tó dá a sílẹ̀ sì kúrò níbẹ̀ ní 2025. Áàpù tí ẹni tó mọ ọ́n ti fi sílẹ̀, mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé yóò pẹ́. Ìdí nìyí tí mo fi tọ́jú ẹ̀dà ètò náà sínú fóònù tèmi. Nova ní ibi tí wọ́n ti ń ṣe é.

Lẹ́yìn náà ni mo tì í pa, kí àmì kankan má ṣí nípò mọ́. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń gbà á ṣeré lójoojúmọ́, "Owó" ṣì wà lókè lápá ọ̀tún níbi tí ìyá mi ní kí n gbé e sí.