Ẹ̀yìn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀: àyẹ̀wò ìdì fọ́ọ̀mù tí a fi ń dupò kánsílọ̀ ní England

Ọ̀fẹ́ ni ìdì fọ́ọ̀mù tí Electoral Commission, àjọ tó ń bójú tó ètò ìdìbò ní UK, gbé sórí ìkànnì rẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ dupò kánsílọ̀ ní England. Ẹ ò ní san kọ́bọ̀ kí ẹ tó gbà á, ẹ ò sì ní san kọ́bọ̀ nígbà tí ẹ bá ń dá a padà. £500 tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń lọ sílé aṣòfin kò kan kánsílọ̀ rárá. Fún ohun tí a kò fowó rà, iṣẹ́ tó mọ́ ni: gbólóhùn rẹ̀ kúrú, àyè ìkọ̀wé rẹ̀ sì fẹ̀. Àléébù rẹ̀ kan ló tóbi. Bí wọ́n ṣe to fọ́ọ̀mù náà kọ́ ló yẹ kí èèyàn fi kún un. Èyí tó lè sọ gbogbo làálàá yín di òfo, òun gan-an ni wọ́n fi sẹ́yìn.

Kí ẹ tó tẹ ohunkóhun jáde, ẹ wò ó bóyá èyí tó tọ́ lẹ mú. Ìdì ti kánsù kéékèèké tí wọ́n ń pè ní parish yàtọ̀ sí ti àwọn kánsù ńlá, ìyẹn borough, district, county àti unitary. Wales ní tirẹ̀, òfin rẹ̀ sì yàtọ̀. Ẹni tó bá kún ti parish fún ìdìbò borough ti fi ọjọ́ rẹ̀ ṣòfò. Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì, ẹ lọ gba ẹ̀dà ní ọ́fíìsì ìdìbò kánsù yín.

Fọ́ọ̀mù mẹ́ta ni gbogbo olùdíje gbọ́dọ̀ dá padà: Nomination paper, ìyẹn ìwé ìfàkalẹ̀; Home address form, fọ́ọ̀mù àdírẹ́sì ilé; àti Consent to nomination, tí a ó máa pè ní ìwé “mo gbà”. Ẹni tí ẹgbẹ́ òṣèlú gbé jáde á tún mú ìwé àṣẹ ẹgbẹ́ dání, àti fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń béèrè àmì ẹgbẹ́ bó bá fẹ́ kí àmì náà hàn nínú ìwé ìdìbò.

Ìwé “mo gbà” ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí. Inú rẹ̀ ni ẹ ti máa fọwọ́ sí i pé ẹ tó ẹni tí òfin gbà láyè. Ẹ gbọ́dọ̀ ti pé ọdún 18 lọ́jọ́ tí wọ́n bá fà yín kalẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ ọmọ Britain, ọmọ Ireland, ọmọ European Union tí òfin ṣì dá ẹ̀tọ́ rẹ̀ mọ̀, tàbí ọmọ orílẹ̀-èdè Commonwealth tó kún ojú òṣùwọ̀n. Gbólóhùn “tó kún ojú òṣùwọ̀n” yìí ni kókó. Ọmọ Nàìjíríà tó wà lórí físà akẹ́kọ̀ọ́ tàbí físà iṣẹ́ lè dìbò kánsù ní England, orúkọ rẹ̀ sì lè wà nínú rẹ́jísítà bíi ti aráàdúgbò yòókù. Ṣùgbọ́n dídìbò lọ́tọ̀, dídíje lọ́tọ̀. Kó tó lè díje, ó gbọ́dọ̀ ní indefinite leave to remain, ìyẹn ìyọ̀ǹda ìgbélùú tí kò lópin, tàbí kó jẹ́ ẹni tí kò nílò ìyọ̀ǹda ìgbélùú rárá. Káàdì ìdìbò tí kánsù fi ránṣẹ́ sílé kì í ṣe ẹ̀rí pé èèyàn lè gbápótí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìbéèrè bí ẹ ṣe bá kánsù náà tan. Ọ̀nà mẹ́rin ni òfin là sílẹ̀: kí orúkọ yín wà nínú rẹ́jísítà olùdìbò kánsù náà, kí ẹ ti ní ilẹ̀ tàbí ilé, tàbí kí ẹ ti háyà rẹ̀, láàárín ààlà rẹ̀ fún odindi oṣù 12, kí ibi iṣẹ́ yín tó ṣe pàtàkì jù ti wà níbẹ̀ fún oṣù 12, tàbí kí ẹ ti gbé ibẹ̀ fún oṣù 12. Ààlà kánsù lápapọ̀ là ń sọ, kì í ṣe ti wọ́ọ̀dù tí ẹ fẹ́ díje sí. Ọ̀kan ṣoṣo tó, àmọ́ gbogbo èyí tó bá kàn yín ni kí ẹ mú. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹni tó fi rẹ́jísítà nìkan wọlé gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ́jísítà náà títí sáà rẹ̀ á fi parí. Bó bá kó lọ sí òdìkejì ààlà lẹ́yìn ọdún kan, ìjókòó rẹ̀ bá a lọ. Ní ti àwọn ọ̀nà mẹ́ta yòókù, oṣù 12 tó ṣáájú ìfàkalẹ̀ àti ìdìbò ni òfin ń wò. Fọ́ọ̀mù náà kò sọ èyí síta bó ṣe yẹ.

Ibi tí nǹkan ti máa ń wọ́ gan-an ni ti àwọn tí òfin kò gbà láyè. Ẹni tí kánsù náà gbà síṣẹ́ kò lè díje síbẹ̀, ì báà ṣe iṣẹ́ wákàtí díẹ̀ lọ́sẹ̀. Olùkọ́ tàbí òṣìṣẹ́ ilé ìdáná ní community school wà lára wọn, nítorí kánsù ni agbanisíṣẹ́ wọn. Òṣìṣẹ́ NHS kì í ṣe òṣìṣẹ́ kánsù. Fún ẹni tó ń tọ́jú arúgbó, ìwé àdéhùn iṣẹ́ ni kó wò: ta ló gbà á? Iléeṣẹ́ tí kánsù ń darí náà lè di ìdíwọ́. Bí ẹ bá fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀ kí ẹ lè díje, ọjọ́ ìkẹyìn iṣẹ́ yín gbọ́dọ̀ ti kọjá kí wọ́n tó fà yín kalẹ̀. Lẹ́tà tí ẹ kọ pé ẹ ń lọ nìkan kò tó. Ẹni tí ilé ẹjọ́ dá ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún láàárín ọdún márùn-ún tó ṣáájú ìdìbò kò lè díje, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀wọ̀n tí wọ́n so rọ̀ tí kò sì wọ ọgbà rí. Ní ti gbèsè, pé èèyàn di bankrupt, ìyẹn ẹni tí òfin kéde pé kò lè san gbèsè rẹ̀, nìkan kò dí i lọ́nà ní England. Bankruptcy restrictions order, àṣẹ tó ń ká irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ kò, tó bá ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí ẹni ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ má fọwọ́ sí ìwé “mo gbà” ṣáájú oṣù kan sí ọjọ́ tí ìfàkalẹ̀ máa parí. Èyí tí ẹ bá yára fọwọ́ sí kò wúlò. Ẹ kọ ọjọ́ ìbí yín sí i, kí ẹlẹ́rìí kan sì fọwọ́ sí i pẹ̀lú yín. Àwọn ojú ewé òfin tó tẹ̀ lé e wà lára fọ́ọ̀mù náà, ẹ dá gbogbo rẹ̀ padà. Kì í ṣe ìwé àlàyé tí èèyàn ń yọ sílé.

Ẹ̀sùn tó wúwo jù tí a ní sí ìdì yìí rèé. Ọ̀gá ìdìbò kánsù, ẹni tí wọ́n ń pè ní Returning Officer, kò ní bi yín ní físà, kò sì ní pe ibi iṣẹ́ yín. Ohun tí ẹ bá kọ ló máa gbà bí ẹ ṣe kọ ọ́. Nítorí náà, bí wọ́n bá gba ìwé yín wọlé, kò túmọ̀ sí pé ẹ kún ojú òṣùwọ̀n. Ẹni tí ẹ bá fẹ̀yìn rẹ̀ gbálẹ̀ lè gbé yín lọ sílé ẹjọ́ láàárín ọjọ́ 21, irọ́ tí èèyàn bá sì mọ̀ọ́mọ̀ pa nínú fọ́ọ̀mù náà, ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn ni. Inú ìwé ìtọ́nisọ́nà mìíràn ni wọ́n ti ṣe àlàyé yìí dáadáa. Ojú ewé àkọ́kọ́ ìdì fọ́ọ̀mù ló yẹ kó wà.

Fọ́ọ̀mù àdírẹ́sì ilé kò gùn. Ẹ kọ àdírẹ́sì yín ní kíkún, àti àdírẹ́sì tó bá ọ̀nà tí ẹ mú nínú ìwé “mo gbà” mu. Ẹni tó bá mú ti ibi iṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ àdírẹ́sì ibi iṣẹ́ náà síbí. Èyí ni àwọn èèyàn ń gbàgbé jù. Wọ́n á tún béèrè orúkọ àti àdírẹ́sì ilé ẹlẹ́rìí yín, nítorí náà ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó lọ. Bí ẹ kò bá fẹ́ kí aráyé mọ ilé yín, ẹ kún apá kejì, orúkọ agbègbè kánsù tí ẹ ń gbé nìkan ni yóò sì hàn. Apá kejì yìí dára púpọ̀.

Ó wá ku ìwé ìfàkalẹ̀. Orúkọ ìdílé ló ṣáájú, lẹ́yìn náà orúkọ yòókù ní kíkún, láìgé e kúrú. Ẹni tó ń jẹ́ Olúwafúnmiláyọ̀ tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Fúnmi á kọ odindi rẹ̀ sí àyè orúkọ gidi, á sì kọ Fúnmi sí àyè orúkọ tí wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Ẹ lè fi orúkọ àárín yín síbẹ̀ náà bó bá jẹ́ òun lẹ ń jẹ́ káàkiri. Bí ẹ bá fi àyè náà sílẹ̀ lófìfo, orúkọ gidi ni wọ́n á tẹ̀. Ọ̀gá ìdìbò lè sọ pé òun kò gba orúkọ ìnagijẹ tó lè ṣi olùdìbò lọ́nà tàbí tó jẹ́ ọ̀rọ̀ rírùn. Mr, Mrs àti Dr kì í ṣe ara orúkọ, nítorí náà ẹ fi Pásítọ̀, Alhaji àti Olóyè sílé. Lẹ́tà orúkọ ìdílé ni wọ́n fi ń to olùdíje sínú ìwé ìdìbò, ọ̀rọ̀ tó máa dùn mọ́ àwọn Adé nínú.

Àyè ìjúwe (description), níbi tí ẹ ti ń sọ ẹgbẹ́ tí ẹ ń ṣe tàbí pé ẹ dá dúró, kéré ṣùgbọ́n ó léwu. Olùdíje aládàádúró lè kọ “Independent” tàbí kó fi í sílẹ̀ lófìfo, kò sí ẹ̀kẹta. “Independent fún ààbò àdúgbò” yóò ba ìwé náà jẹ́. Ọmọ ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ kọ ohun tí ìwé àṣẹ ẹgbẹ́ gbà gẹ́lẹ́. Bí ọ̀rọ̀ kan bá yàtọ̀, gbogbo ìfàkalẹ̀ ló ṣubú, kì í ṣe ìjúwe nìkan.

Olùdìbò méjì péré láti wọ́ọ̀dù yín ló máa fọwọ́ sí i báyìí, ẹni tó dábàá àti ẹni tó kín in lẹ́yìn. Tẹ́lẹ̀ rí, mẹ́wàá ni. Ìdẹ̀rùn yìí ti jẹ́ kí àwọn èèyàn máa fọwọ́ dẹngbẹrẹ mú un. Ẹ kún orúkọ àti ìjúwe yín tán kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, ẹ má sì yí ohunkóhun padà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ bèèrè fún rẹ́jísítà ní ọ́fíìsì ìdìbò, kí ẹ fi da nọ́ńbà olùdìbò wọn kọ pẹ̀lú lẹ́tà àgbègbè tó ṣáájú rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ wọn bó ṣe wà níbẹ̀: ẹni tí ẹ ń pè ní Màmá Tóyìn lójoojúmọ́ lè máa jẹ́ Comfort nínú rẹ́jísítà. Ẹ tún bi wọ́n bóyá wọ́n ti fọwọ́ sí ti ẹlòmíràn, nítorí iye ìjókòó tó ṣófo ní wọ́ọ̀dù náà ni iye ìwé tí ẹnì kan lè fọwọ́ sí. Bó bá jù bẹ́ẹ̀, àwọn tó kọ́kọ́ dé ọ́fíìsì ni wọ́n á kà. Ẹ wá ẹni méjì mìíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, lórí ìwé ọ̀tọ̀.

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ní ọjọ́ iṣẹ́ kọkàndínlógún ṣáájú ìdìbò, ni ilẹ̀kùn ń tì. Kò sí ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ lórí rẹ̀. Ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ Àìkú, Good Friday àti ìsinmi ìjọba kì í ṣe ọjọ́ iṣẹ́. Fún ìdìbò 7 oṣù Karùn-ún 2026, 9 oṣù Kẹrin ni ìparí rẹ̀ bọ́ sí, Àjíǹde sì wọ àárín ọjọ́ tí ìfàkalẹ̀ fi ṣí sílẹ̀, ó gba ọjọ́ iṣẹ́ méjì lọ. Ọwọ́ ni ẹ ó fi gbé ìwé ìfàkalẹ̀ àti fọ́ọ̀mù àdírẹ́sì lọ; ímeèlì kò ṣiṣẹ́. Ojúlówó ìwé ni wọ́n ń gbà, títí kan ìwé àṣẹ ẹgbẹ́. Bí ẹgbẹ́ bá fi í ránṣẹ́ lórí ímeèlì tí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ jáde nílé, ẹ̀dà ni.

Ohun tó dára jù nínú gbogbo ètò yìí kò sí nínú ìdì náà rárá. Òun ni àyẹ̀wò tí ọ́fíìsì ìdìbò máa ń bá olùdíje ṣe kó tó fi ìwé sílẹ̀ ní tòótọ́. Ẹ fóònù wọn, kí ẹ gba àkókò ní kùtùkùtù, ó pẹ́ tán ọjọ́ mẹ́ta kí ìfàkalẹ̀ tó parí. Nọ́ńbà tí kò bá rẹ́jísítà mu, ìjúwe tí kò bá ìwé àṣẹ mu, àyè tí ẹ fò, wọ́n á rí i. Bí wọ́n bá sì rí i, àyè ṣì wà láti kọ ìwé tuntun. Bí ẹ bá dé ní aago mẹ́ta ààbọ̀ ọjọ́ ìkẹyìn, àṣìṣe kan náà ti parí ọ̀rọ̀. Ìdì fọ́ọ̀mù gba mẹ́rin nínú márùn-ún lọ́wọ́ wa. Àyẹ̀wò yìí gba márùn-ún.

Ní ti owó, ìdì náà kò sọ púpọ̀. Iye tí ẹ lè ná kò gbọ́dọ̀ ju £960 lọ, pẹ̀lú pẹ́ńsì mẹ́jọ lórí olùdìbò kọ̀ọ̀kan. Wọ́ọ̀dù olùdìbò 9,000 á jẹ́ £1,680. Bí ẹ̀yin àti ẹlòmíràn bá jọ ń polongo pọ̀ ní wọ́ọ̀dù kan náà, òdiwọ̀n náà máa dín kù. Ọrẹ tó bá ju £50 lọ, ẹ wádìí ẹni tó fi sílẹ̀ kí ẹ tó ná an: ọrẹ láti ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n tó wà ní Ìbàdàn, tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú rẹ́jísítà UK, ẹ gbọ́dọ̀ dá a padà láàárín ọjọ́ 30. Bí ẹ kò bá sì yan aṣojú ìdìbò (election agent) kankan, ẹ̀yin fúnra yín ni aṣojú ara yín, ọrùn yín sì ni ìṣirò owó wà. Ọjọ́ 35 lẹ́yìn tí wọ́n bá kéde èsì ni ó gbọ́dọ̀ ti wọlé, ì báà jẹ́ pé ẹ kò ná kọ́bọ̀.