Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ ń ra àgùntàn: ìwé "kò lárùn" tí alágbàtà yìí ń fà yọ

Ẹ fura o. Alágbàtà kan wà tó ń fi ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ han oníbàárà pé agbo òun kò ní àrùn Johne, àrùn bakitéríà tó ń ba ìfun jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Mo yẹ ìwé náà wò fínnífínní. Ẹran díẹ̀ ni wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára wọn, ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan sì ni gbogbo wọn. Gbájúẹ̀ pọ́ńbélé!

Láti kékeré ni àgùntàn ti ń kó àrùn yìí, nínú wàrà ìyá rẹ̀ tàbí lórí ọmú tí ìgbẹ́ ti yí, ṣùgbọ́n ó sábà máa ń lé ní ọdún 2 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Ohun tí ELISA, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń wá èròjà tí ara fi ń bá àrùn jà, ń wá kì í tètè yọjú. Agbo lè kún fún àrùn, kí ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ rẹ̀ máa sọ pé kò sí nǹkan.

Alágbàtà náà á tún ní kí ẹ wo ìdí wọn, pé kò sí ìgbẹ́ gbuuru. Ti màlúù nìyẹn. Ọ̀pọ̀ àgùntàn tó ní in kì í yàgbẹ́ gbuuru rárá; wọ́n á máa jẹun dáadáa, wọ́n á sì máa joro. Bí ẹ bá bi í léèrè nípa abo tó rù, á ní aràn ni. Ó lè jẹ́ aràn lóòótọ́, tàbí eyín tó ti bàjẹ́, àyẹ̀wò nìkan ló lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Èsì ìgbẹ́ tí wọ́n fi PCR (àyẹ̀wò tó ń wá àbùdá kòkòrò náà fúnra rẹ̀) yẹ̀ wò ni kí ẹ béèrè, láti ara àwọn tó ti lé ní ọdún 2, pàápàá àwọn tó rù. Bí èyí tó rù bá kú, kí dókítà ẹran gé ibi tí ìfun kékeré ti pàdé ìfun ńlá àti àwọn kókó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí yàrá àyẹ̀wò. Ojú lásán kì í sábà tó. Bí alágbàtà bá ní wọ́n ti gbin kòkòrò náà wò ní yàrá àyẹ̀wò láti mọ̀ bóyá á hù, èsì sì jáde láàárín ọ̀sẹ̀ kan, irọ́ ni. Oṣù ló ń gbà.

Ìyẹ̀fun tó ń tà pé ó ń wò ó sàn? Àrùn yìí kò ní ìwòsàn. Abẹ́rẹ́ àjẹsára wà, ó sì ń dín in kù, àmọ́ ẹran tó gbà á ṣì lè máa tú kòkòrò sínú ìgbẹ́, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì lè fi hàn bíi pé ó lárùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ti rà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ ya wọ́n sọ́tọ̀ lónìí, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ àgùntàn jẹ ní pápá tí wọ́n ti jẹ. Kòkòrò náà lè wà láàyè níbẹ̀ ju ọdún kan lọ.