AudioMoth: ẹ̀rọ kékeré tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹyẹ lóru

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí bóyá ó yẹ kéèyàn ra AudioMoth, bẹ́ẹ̀ ni, ẹ rà á, bó bá jẹ́ ohun tí àwọn ẹyẹ aṣíkiri ń bára wọn sọ lókè lóru lẹ fẹ́ gbọ́.

Ẹ̀rọ náà ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Bátìrì AA mẹ́ta ló ń lò, mẹ́mórì káàdì irú ti fóònù ló sì ń kó ohùn sí. Kò ní ojú tí a ń wò, orí kọ̀ǹpútà lẹ ti máa yan aago tó máa bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó máa dákẹ́. Ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà, kó má wulẹ̀ rà á. 32 kHz ni mo máa ń gbé e sí, ìyẹn ni pé ó ń wọn ohùn nígbà 32,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bẹ́ẹ̀, wákàtí kan ń gba nǹkan bíi 230 MB, òru wákàtí mẹ́sàn-án á sì gba bíi 2 GB. Ẹ jẹ́ kí ihò kékeré tó fi ń gbọ́ràn kọjú sókè, kó jìnnà sí ewé tí afẹ́fẹ́ ń mì.

Ohùn òru tí mò ń wí yìí, ìpè là ń pè é, kì í ṣe orin o. Orin ni akọ ẹyẹ fi ń pe abo, tó fi ń lé akọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ìpè ojú òfurufú kúrú gan-an, púpọ̀ nínú rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá. Ti àwọn warbler, ìyẹn àwọn ẹyẹ wẹ́wẹ́ kan, máa ń ga tó 6 sí 9 kHz, ohùn tó tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀ sì ṣòro fún etí àgbà bíi tèmi. Ẹ̀rọ yìí ń gbọ́ ọ. Ti Swainson's Thrush, ẹyẹ aṣíkiri mìíràn, wálẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, ó dún bí ìgbà tí ọ̀pọ̀lọ́ kékeré ké lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lórí Audacity, ètò kọ̀ǹpútà tó ń fi ohùn hàn bí àwòrán, ìlà kúkurú kan tó ń gòkè lẹ máa rí.

Kí ni wọ́n wá ń sọ? Ní 2025, Benjamin Van Doren, olùwádìí ẹyẹ, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde lórí ohùn òru tó lé ní wákàtí 18,000, tí wọ́n gbà sílẹ̀ níhà ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà ti Àríwá. Wọ́n rí i pé oríṣiríṣi ẹyẹ ló ń bára wọn rìn, pé àwọn tí ìyẹ́ apá wọn gùn bákan náà àti àwọn tí ìpè wọn jọra ló sì máa ń sún mọ́ra jù. Ó jọ pé ẹyẹ kan lè máa gbọ́rọ̀ lẹ́nu ẹyẹ tí kì í ṣe ìran rẹ̀! Látìgbà tí mo ti ka ìyẹn, n kì í gé fáìlì mi sí wẹ́wẹ́ mọ́. Mo máa ń fi ohun tó ṣáájú ìpè kọ̀ọ̀kan àti ohun tó tẹ̀lé e sílẹ̀, kí n lè mọ ta ló dá ta lóhùn.

Ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ Nighthawk ni mo fi ń wá ìpè nínú fáìlì. Ọ̀fẹ́ ni, ẹyẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n sì fi kọ́ ọ. Python, èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ló ń lò, nítorí náà ẹ wá ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ẹ má sì ka iye ìpè sí iye ẹyẹ. Ní 1896, nítòsí Madison ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Orin Libby ka ìpè 3,800 ní òru kan, ṣùgbọ́n ẹyẹ kan lè ké lọ́pọ̀ ìgbà. Iná tún máa ń dá kún un. Ní New York, nígbà tí wọ́n bá tan iná ńlá ìrántí September 11, àwọn ẹyẹ máa ń yí po nínú rẹ̀, wọ́n á máa ké ṣáá. Bí wọ́n bá ti pa iná náà, àwọn ẹyẹ á túká, igbe á sì rọlẹ̀. Ní Chicago, àwọn ẹyẹ tó máa ń ké lóru ló ń kọlu ilé tó tanná ju àwọn tí kì í ké lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa iná ìta yín kí ẹ tó ti bọ́tìnnì ẹ̀rọ náà sí CUSTOM, ibi tó ti ń tẹ̀lé aago tí ẹ yàn, kí ìmọ́lẹ̀ yín má bàa dá arìnrìn-àjò dúró lọ́nà.