Ẹ ṣọ́ra fún ọkùnrin tó ń ta omi tí wọ́n ní ó ń fọ ọ́ìlì kúrò lójú kọnkéré

Ọ̀kun o, ẹ̀yin èèyàn mi ní Kàbbà, Ìjùmú, Bùnú àti Yàgbà. Ọkùnrin kan ń fi ọ̀kadà gbé kẹ́ẹ̀gì kiri, ó ní kẹ́míkà òun ń yọ ọ́ìlì lójú kọnkéré, pé láti Jámánì ni wọ́n ti kó o wá. Ó ti gba 15,000 náírà lọ́wọ́ mi. Mi ò fẹ́ kó gba tiyín.

Àbúrò mi ní Sienna kan tó fi ń kó èrò lọ Àbújá. Ọkọ̀ náà ti gbó. Alẹ́ tó bá ti sùn síwájú ilé wa, á máa kán ọ́ìlì sílẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Nígbà tó yá, kọnkéré tí bọ̀dá wa àgbà fi owó gidi dà ti ní ojú dúdú méjì, ọ̀kan fẹ̀ tó àtẹ alátẹ. Bọ̀dá yìí kan náà ló ń bọ̀ nílé nítorí mọ̀mí-n-mọ̀-ọ́ ọmọ rẹ̀. Irú ẹni tó máa ń wo ilẹ̀ kó tó wo ojú ẹni tó ń kí i ni.

Àsìkò yẹn ni ọkùnrin yẹn yà. Ọ̀rọ̀ dùn lẹ́nu rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí mi, ó ń pè mí ní Mọ́mì. Ó bu kiní ọ̀hún sójú ọ́ìlì, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í hó ṣùùṣùù, fóòmù funfun yọ, èéfín tó ń ta nímú bá a jáde. Àwọn ọmọ pariwo. Èmi náà pariwo. "Ẹ rí i bó ṣe ń fa epo jáde, Mọ́mì?" Ó fi búrọ́ọ̀ṣì gbo ó, ó ní kí n pọn omi wá, ó sàn án. Gbogbo ibẹ̀ dúdú bákan náà, ẹ ò lè mọ ibi tí ọ́ìlì wà tẹ́lẹ̀. Mo ṣe tiransífà lójú ẹsẹ̀. Ó já kẹ́ẹ̀gì lítà 4 fún mi pé kí n fi fọ ojú kejì, ó gun ọ̀kadà rẹ̀.

Gbogbo ibẹ̀ dúdú bákan náà: ibẹ̀ gan-an ni jìbìtì náà wà. Kọnkéré tó bá ti mu omi, ṣíṣú ló ń ṣú, èyí tó mọ́ àti èyí tó dọ̀tí. Oòrùn aago méjì ló tú àṣírí. Omi gbẹ, ojú ọ́ìlì mi yọ padà bí ẹni tó kàn lọ sọ́jà tó sì dé. Kò tilẹ̀ dá wá. Ojú kọnkéré ti di ṣágiṣàgi, òkúta wẹ́wẹ́ ń yọrí, tí mo bá fi ẹsẹ̀ lásán tẹ̀ ẹ́, iyanrìn ń lẹ̀ mọ́ mi látẹ́lẹsẹ̀. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kejì, ẹsẹ̀ géètì tí omi yẹn ṣàn dé ti dípẹtà.

Mo pè é. Ó gbé e lẹ́ẹ̀kan, ó ní mi ò gbo ó dáadáa ni. Nọ́ńbà náà ò lọ mọ́ láti ìgbà yẹn.

Bàbá bíríkìlà tó da kọnkéré náà ló là mí lójú. Ó ṣí kẹ́ẹ̀gì, ó yí imú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó rẹ́rìn-ín. Ásíìdì ni, irú èyí táwọn onítáìsì fi ń fọ sìmẹ́ńtì tó bá ta sójú táìsì. Ó kán díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri níbi tí ọ́ìlì kò dé rí. Ó hó. Ó da ọ́ìlì sínú abọ́ ike, ó kán ásíìdì sí i. Ó dákẹ́ jẹ́ẹ́. "Ṣé ẹ rí i? Sìmẹ́ńtì ló ń jẹ. Kò fọwọ́ kan epo." Àwa tí tírélà ń kó sìmẹ́ńtì Ọ̀bàjánà kọjá lójú wa lójoojúmọ́! Òkúta láìmù tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì, oúnjẹ ásíìdì ni. Ọ́ìlì ní tiẹ̀ ti rì sínú ihò wínníwínní kọnkéré, ó ń wò wá.

Tí ọ́ìlì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kán sílẹ̀, ẹ má da omi sí i rárá. Ẹ da lẹ́búlẹ́bú igi láti sọ́mìì lé e, kó mu ún, kẹ́ ẹ gbá a kúrò. Èyí tó ti pẹ́ ló le. Bàbá ní kí n ra ẹfun lọ́jà, kí n lọ̀ ọ́ kúnná, kí n fi kẹrosíìnì pò ó títí á fi ki bí àmàlà. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú kékeré, mo fi ọ̀rá bò ó, mo to òkúta sí i létí. Nígbà tí mo ṣí i láàárọ̀, ẹfun tó funfun báláú lánàá ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí omi tíì. Mo há a kúrò, mo fi omi gbígbóná àti Omo gbo ibẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe é. Kò tán pátápátá, àmọ́ tí n ò bá fi hàn yín, ẹ ò ní rí i. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má dá iná tàbí mu sìgá nítòsí ibẹ̀, kẹ́ ẹ má sì kó lẹ́búlẹ́bú igi tó ti mu epo sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò.

Ẹ̀yin tí kẹ́ẹ̀gì yẹn ti wà nílé yín, ẹ má dà á pọ̀ mọ́ Hypo tàbí Jik láé. Èéfín tó máa jáde níbẹ̀ lè pa èèyàn. Ẹ má rọ ọ́ sínú ike omi mímu, torí àwọn ọmọ. Onítáìsì ni mo gbé tèmi fún.

Tó bá yà lọ́dọ̀ yín, ẹ ní kó kọ́kọ́ da kẹ́míkà rẹ̀ síbi tí kò sí epo, ká wo bóyá kò ní hó. Tó bá ní òun ti fọ̀ ọ́ tán, ẹ gbé àga fún un lábẹ́ igi, kẹ́ ẹ jọ dúró kí ilẹ̀ gbẹ. Ẹ má ì tíì mú fóònù jáde.

Bọ̀dá ti wá, ó ti lọ. Mo tẹ́ ẹní lé ojú ńlá yẹn lórí kó tó dé. Nǹkan tó kọ́kọ́ bi mí ni pé ta ló tẹ́ ẹní sójú ọ̀nà mọ́tò.