Ayùn orí réèlì fún gígé bọ́ọ̀dù: ohun tí ojú wa rí kí a tó rà á

Èmi àti àbúrò mi la jọ dá ṣọ́ọ̀bù wa sílẹ̀ ní Ìkòròdú. Tábìlì ìkàwé àti pẹpẹ ìwé la ń ṣe, irú èyí tí a máa ń kó ránṣẹ́ ní títú, tí oníbàárà á sì tò ó pọ̀ fúnra rẹ̀ nílé. Irú iṣẹ́ báyìí ò gba àṣìṣe. Ihò ara pákó kan gbọ́dọ̀ bá ti èkejì mu, oníbàárà ò sì ní rándà nílé tó máa fi fá ibi tó bá yọ gọnbu. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ohun tí a ó máa fi gé pákó fi gba oorun lójú wa fún ọdún kan gbáko. Mo fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe rí, kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ má bàa ná irú owó tí àwa ná.

Ara bọ́ọ̀dù gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Yálà plywood ni o tàbí MDF (bọ́ọ̀dù tí wọ́n fi fọ́nrán igi lílẹ̀pọ̀ ṣe), ẹsẹ̀ bàtà 8 ló gùn, ó fẹ̀ ní 4. Ìyẹn ni 2440 sí 1220 tí a bá fi mìlímítà wọ̀n ọ́n. MDF tó nípọn ní mìlímítà 18 ń wúwo tó kìlógíráàmù 40. Kò tó àpò sìmẹ́ńtì kan, ṣùgbọ́n kò ṣe é gbé bí àpò sìmẹ́ńtì: ó gùn ju èèyàn lọ, ó ń tẹ̀ láàárín, igun rẹ̀ kan ò sì gbọdọ̀ kanlẹ̀. Nítorí náà, kí o tó sanwó ẹ̀rọ kankan, bi ara rẹ bóyá bọ́ọ̀dù ni wàá máa gbé lọ bá ayùn, àbí ayùn ni wàá máa gbé lọ bá bọ́ọ̀dù. Àwa ò tètè bi ara wa.

Ọjà Àmù ní Mushin la ti ń ra bọ́ọ̀dù, ibẹ̀ náà la sì kọ́kọ́ ń gé e. Àwọn tó ní ẹ̀rọ ńlá wà níbẹ̀, wọ́n ń bá èèyàn gé e lówó pọ́ọ́kú. Tó bá jẹ́ bọ́ọ̀dù 2 tàbí 3 lò ń lò lọ́sẹ̀, ṣe bẹ́ẹ̀, má tíì ra ohunkóhun. Ìwọ̀n ló kó bá tiwa. Mìlímítà la fi ya àwòrán wa, ínṣì ni ẹni tó ń bá wa gé e mọ̀. A kọ 600 sínú ìwé, ó gé 24 ínṣì. 24 ínṣì, 609.6 ni. Pẹpẹ 14 ló gùn jù, tí a ò sì mọ̀ títí a fi kó wọn dé Ìkòròdú, tí igun mélòó kan ti là nínú ọkọ̀.

La bá wá ayùn orí tábìlì lọ, tòkunbọ̀. Ẹni tó tà á ní kò sí wàhálà kankan. A gbé e délé, a tì í bọ iná, ó hó gèè, èéfín yọ, ó dákẹ́. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni àbúrò mi nu eruku ara mọ́tò rẹ̀, tó ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀: 120V, 60Hz. Iná Amẹ́ríkà ni. Tiwa níbí, 230V, 50Hz ni. Irinṣẹ́ tó bá sì ti ibi iṣẹ́ ìkọ́lé ní ìlú ọba wá, 110V ni wọ́n sábà máa ń jẹ́, plọ́ọ̀gì wọn á sì jẹ́ yẹ́lò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ara mọ́tò kí ẹ tó yọ owó.

Èkejì tí a rà jẹ́ 230V, ó sì ṣiṣẹ́. Àmọ́ tábìlì rẹ̀ kéré. Èèyàn mẹ́ta la fi ń gbé bọ́ọ̀dù odindi gùn ún, ẹni kan á máa tì í, àwọn yòókù á máa fa ìdí rẹ̀ sókè kó má bàa tẹ̀. Níjọ́ kan, ọmọ iṣẹ́ wa ń ti pákó kan kọjá, pákó yà díẹ̀, ó fara kan ẹ̀yìn abẹ. Eyín ẹ̀yìn abẹ, òkè ló ń yí bọ̀. Ó gbé pákó náà sókè, ó sì sọ ọ́ padà. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ìhà ọmọ náà kọjá, ó lu ihò sí ògiri. Irin pẹlẹbẹ kan wà tó yẹ kó dúró lẹ́yìn abẹ tí kì í jẹ́ kí irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀. Wọ́n ti tú u kúrò kí a tó rà á, a ò sì mọ̀ pé ó yẹ kó wà níbẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo pa iná rẹ̀. N ò tún tàn án mọ́.

A wo ẹ̀rọ CNC oní-1325, èyí tí kọ̀ǹpútà ń darí, tó gba odindi bọ́ọ̀dù. Ó dára gan-an, ó ń gé, ó ń lu ihò, ṣùgbọ́n owó tí wọ́n pè é fún wa, à bá fi ra irú ayùn tí a padà rà yìí tó méjìlá. Ẹ̀rọ ńlá tí tábìlì rẹ̀ ń rìn ń fẹ́ iná fésì mẹ́ta, kò sì ní gba inú ṣọ́ọ̀bù wa. Lésà kékeré ò lè mú pákó 18, ẹ̀bá rẹ̀ á dúdú.

Ohun tí a padà rà ni Makita SP6000 pẹ̀lú réèlì méjì. Ayùn tó ń rì sínú pákó ni, 1300W, abẹ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 165, ó sì lè gé ohun tó nípọn dé 56. Réèlì ni irin gígùn tí ayùn ń gùn kó lè rìn tààrà; ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní 1400. A so méjì pọ̀ kí ó lè gba gígùn bọ́ọ̀dù já. A kan férémù pákó 2×4 sílẹ̀, a tẹ́ bọ́ọ̀dù lé e, abẹ á wọ inú férémù díẹ̀, kò sí ohun tó ṣe é. Bọ́ọ̀dù dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́, ayùn ló ń rìn.

Rọ́bà tín-ínrín kan wà létí réèlì. Ìgbà àkọ́kọ́ tí o bá lò ó, abẹ rẹ á gé rọ́bà yẹn fúnra rẹ̀, láti ìgbà náà, ibi tí rọ́bà parí sí gan-an ni ayùn máa gbà. O fa ìlà pẹ́ńsù, o gbé etí rọ́bà lé e, o gé. Rọ́bà yẹn tún tẹ ojú pákó mọ́lẹ̀, kò ní jẹ́ kó ṣí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ fi ìka tọ́ ẹ̀bá melamine funfun (bọ́ọ̀dù tí ojú rẹ̀ ń dán bí ike) tó gé, tí n ò rí ibi kan tó ha, ara mi balẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù mẹ́wàá. Abẹ eléyín 48 ni mo fi gé e, kì í ṣe èyí tí eyín rẹ̀ ò pọ̀.

Ẹ má gbàgbé ohun tí abẹ ń jẹ. Ọmọ iṣẹ́ wa pín 1220 sí mẹ́rin, 305 kọ̀ọ̀kan, nígbà tí a ṣì ń lo ayùn orí tábìlì. Abẹ yẹn ń jẹ mìlímítà 3, ẹ̀ẹ̀mẹta ló sì kọjá: ó ti jẹ 9. Èyí tó kẹ́yìn jáde ní 296. Ẹ tún máa wọn bọ́ọ̀dù láti igun dé igun kí ẹ tó gbára lé ẹ̀bá rẹ̀. Tí igun rẹ̀ bá gún, 2728 ni méjèèjì máa jẹ́.

Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní I-better-pass-my-neighbour ò lè gbé ayùn yìí. Tiwa jẹ́ 3.5kVA, torí a so ẹ̀rọ tó ń fa eruku mọ́ ọn. Ìyẹn ò ṣe é fojú fò: láti ọdún 1995 ni IARC, àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí nípa jẹjẹrẹ, ti ka eruku igi mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ fún èèyàn, eruku MDF sì kúná débi pé ìbòmú aláṣọ lásán ò lè dá a dúró.

Ibi tí ayùn yìí ò ti rọrùn ni pákó tín-ínrín púpọ̀ tó gbọ́dọ̀ dọ́gba. Réèlì gbọ́dọ̀ máa sún ní gbogbo ìgbà. A gé pákó ìwọ̀n méjì, 70 àti 100, òun la fi ń sún réèlì dípò tépù, ìyẹn sì mú un yá díẹ̀. Bọ́ọ̀dù 6 sí 8 là ń gé lóòjọ́ báyìí. Tí tìrẹ bá tó 20, ayùn yìí máa dá ọ dúró. Lọ wá ibi tí iná fésì mẹ́ta wà kí o tó wá ẹ̀rọ.