Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn dókítà ẹran lábúlé wa ní Ìbàràpá: ó dáa gan-an, àmọ́ ẹ wá gbé pẹ̀lú wa

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sin ewúrẹ́, àgùntàn àti adìẹ lábúlé, tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ pé àwọn dókítà ẹran ń bọ̀ wá dá àwọn èèyàn lẹ́kọ̀ọ́ ládùúgbò yín, ẹ má jókòó sílé o, ẹ lọ. Wọ́n ṣe tiwa ní abúlé kan lẹ́bàá Èrúwà, èmi àti ìyá mi la jọ lọ, ẹgbẹ̀rún méjì náírà lẹ́nì kọ̀ọ̀kan san, owó yẹn ò sì dùn wá rárá. Mo fẹ́ sọ bó ṣe rí, èyí tó dáa níbẹ̀ àti èyí tó kù díẹ̀ káàtó, torí mo fẹ́ kí wọ́n tún wá, kí tọjọ́ iwájú sì dáa ju èyí lọ.

Ohun tó kọ́kọ́ wù mí ni pé wọn ò wá ka ìwé fún wa. Dókítà kan ló ṣáájú, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fásítì tó ti fẹ́ẹ̀ jáde tẹ̀ lé e, Yorùbá ni gbogbo wọn ń sọ, àwọn ìyá àgbà ń pè wọ́n ní "dókítà ọmọ mi", àwọn náà ń kúnlẹ̀ kí wọn kí wọ́n tó fọwọ́ kan ẹran wọn. Èèpo pákí ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, gbogbo wa sì dákẹ́ lọ gbári. Ẹ mọ̀ pé gàrí niṣẹ́ àwọn obìnrin wa níbí, ibi tí wọ́n bá ti ń bó pákí lewúrẹ́ ń péjọ sí. Dókítà ní èèpo tútù yẹn ní májèlé nínú, pàápàá ti pákí kíkorò, ewúrẹ́ tó bá jẹ ẹ́ yó lè bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹ hẹlẹ, kó máa gbọ̀n, kó ṣubú, kó sì kú kí wọ́n tó rí ẹni pè. Ó ní ká sá a sóòrùn kó gbẹ dáadáa ká tó fún wọn jẹ, tó bá ti gbẹ, májèlé yẹn á ti lọ sílẹ̀ gan-an. Ẹ ò mọ iye ìjà tí ọ̀rọ̀ yìí ti dá sílẹ̀ láàárín alábàágbé! Ewúrẹ́ lágbájá kú lójijì, wọ́n á ní ìyàwó tàmẹ̀dò ló fún un ní nǹkan jẹ. Tí wọn ò bá tiẹ̀ kọ́ wa ní nǹkan míì lọ́jọ́ yẹn, èyí nìkan tó owó tá a san.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ní kí kálukú di ewúrẹ́ rẹ̀ mú, kó fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀. Tí inú rẹ̀ bá pupa, ara ẹran yẹn le. Tó bá ti ń funfun, aràn ti ń fa ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ mu, ẹ tètè wá oògùn aràn. Nǹkan tí ò gba ẹ̀rọ, tí ò gba owó, ojú àti ìka ọwọ́ lásán! Gbogbo wa la ṣe é lọ́kọ̀ọ̀kan, akẹ́kọ̀ọ́ kan á dúró tì ẹ́ títí wàá fi mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ kata, àìsàn ewúrẹ́ àti àgùntàn tí òyìnbó ń pè ní PPR, ló gba àkókò jù, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, torí kata ló ń kó ewúrẹ́ tán nílé olówó àti tálákà. Ikun á máa dà nímú, ipin á bo ojú, egbò á wà lẹ́nu tí ò ní lè jẹun, á máa wúkọ́, á máa ṣu ìgbẹ́ gbuuru, kẹ́ ẹ tó mọ̀ ó ti ran gbogbo àwọn tó kù. Ohun táwọn èèyàn wa máa ń ṣe ni kí wọ́n pe ẹni tó ń kiri oògùn lọ́jà kó wá gún wọn ní oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń pè ní oxytetracycline. Dókítà ṣàlàyé fún wa pé oògùn yẹn ò lè pa fáírọ́ọ̀sì tó ń fa kata, àwọn kòkòrò míì tó bá gorí àìsàn náà ló lè ràn wá lọ́wọ́ lé, àti pé ẹran tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gún kò yẹ ní pípa jẹ títí ọjọ́ tí wọ́n kọ sára ìgò á fi pé. Àjẹsára ló wà fún kata, kí àìsàn tó dé ni wọ́n sì ń gún un, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo á dáàbò bo ẹran fún bí ọdún 3. Nígbà tó wá sọ pé àjẹsára tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń lò, Nigeria 75/1 lorúkọ ẹ̀, pé Nàìjíríà níbí ni wọ́n ti rí kòkòrò tí wọ́n fi ṣe é lọ́dún 1975, orí mi wú, inú tún bí mi pọ̀ ọ́n. Àjẹsára tó ti ilẹ̀ wa jáde, tó ń gba ẹran ẹlẹ́ran là nílẹ̀ òkèèrè, ewúrẹ́ Ìbàràpá ṣì ń kú! FAO, àjọ oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ lágbàáyé, àti WOAH, àjọ ìlera ẹran lágbàáyé, ti ní àwọn fẹ́ pa kata rẹ́ láyé nígbà tó bá fi máa di 2030, ta ló máa wá gún tiwa?

Ibẹ̀ náà ni àléébù wọn ti hàn. Àjẹsára yẹn fẹ́ yìnyín, tí wọ́n bá sì ti po ó pẹ̀lú omi ẹ̀, kò gbọ́dọ̀ pẹ́ nílẹ̀. Wọ́n po ìgò kan láàárọ̀ nígbà tí ẹran ò tíì péjọ, torí ẹni tó kéde fún wa ò sọ aago tó yẹ ká dé, àwọn míì ṣì wà lóko. Nígbà tí àkókò kọjá, dókítà da èyí tó kù nù, kò fi gún ẹran ẹnikẹ́ni, mo kí i fún ìyẹn torí ẹlòmíì á rọra fi gún un ni. Àmọ́ àwọn tó kẹ́yìn dé ò rí gún, màmá kan fa àgùntàn rẹ̀ padà sílé bẹ́ẹ̀, ó dùn mí. Kí wọ́n rán ẹnìkan ṣáájú ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣíwájú kó lọ ojúlé sí ojúlé, kò le jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ti adìẹ lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Àjẹsára lùkúlùkú, àìsàn adìẹ tí òyìnbó ń pè ní Newcastle, tí wọ́n lò ni wọ́n ń pè ní I-2, NVRI, ilé iṣẹ́ ìwádìí àìsàn ẹran ti ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Vom lẹ́bàá Jos ń ṣe é, ó fara da ooru díẹ̀ ju àwọn yòókù lọ, ojú adìẹ ni wọ́n ń kán an sí, ẹ̀kán kan péré, wọ́n á sì tún un ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin. Ìyá mi tí ò wọ ilé ìwé rí kán an sójú adìẹ tiẹ̀ àti ti aládùúgbò, kò ṣì í kán. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ síbí torí mo mọ̀ pé àwọn dókítà kan ń bẹ̀rù pé tí wọ́n bá kọ́ ará oko, ayédèrú dókítà á pọ̀ sí i. Ẹ̀rù yẹn ò burú, ayédèrú ti ń ṣọṣẹ́ tipẹ́. Ṣùgbọ́n ní Afar ní Ethiopia àti ní South Sudan, àwọn darandaran fúnra wọn ni wọ́n kọ́, tí wọ́n ń gbé àjẹsára tí ò nílò fíríìjì lọ síbi tí dókítà ò lè dé, wọ́n wà lára àwọn tó jẹ́ kí àrùn rinderpest tó ń pa màlúù kásẹ̀ nílẹ̀, tí wọ́n fi kéde lọ́dún 2011 pé ó ti tán láyé. Ibi tí ẹni tí wọ́n kọ́ dáadáa bá wà, tí dókítà gidi sì ń bojú tó o, ibẹ̀ ni ayédèrú ò ti ní rí owó pa.

Wọ́n fọwọ́ ba ọ̀rọ̀ dìgbòlugi náà, pé tí ajá bá bu èèyàn jẹ kí wọ́n fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú egbò fún ìṣẹ́jú 15, kí wọ́n sì gba ọsibítù lọ lójú ẹsẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n pẹ́ díẹ̀ sí i níbẹ̀.

Nǹkan méjì míì tí mi ò fẹ́. Bébà tí wọ́n pín fún wa, òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́ látòkè délẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi Yorùbá dídùn kọ́ wa! Èkejì, wọn ò pe àwọn ará gàá. Mo mọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ láàárín wa àti àwọn Bòròró ní Ìbàràpá, mi ò fojú kékeré wò ó, síbẹ̀ odò kan náà lẹran wọn àti tiwa ń mu, ọjà kan náà la ń tà á sí. Kí wọ́n mú ẹni tó gbọ́ Fúlàní dání, kí wọ́n lọ bá wọn ní gàá tiwọn tí ìpàdé ò bá ṣeé ṣe.

WhatsApp tí wọ́n ṣí fún wa ń ṣiṣẹ́ ṣá. Ìyá mi ń fi ohùn ránṣẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ kan ń dá a lóhùn, ó ní kó ya ẹnu ewúrẹ́ ní fótò kó fi hàn òun. Àmọ́ ìdánwò dé, èsì bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́, mi ò dá ọmọ yẹn lẹ́bi.

Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn aláṣẹ fásítì gbọ́ rèé. Láti 1963 ni UI, fásítì Ìbàdàn, ti ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn wá sí Igbó-Ọrà, wọ́n ń gbé ibẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, wọ́n ń wo aláìsàn, wọ́n ń wọ ilé àwọn èèyàn. Kí ló dé tí ti ẹran ò fi lè rí bẹ́ẹ̀? Ìbàdàn wà lápá kan wa, Abẹ́òkúta wà lápá kejì, méjèèjì ló ń kọ́ dókítà ẹran, UI látayé 1960, FUNAAB, fásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà l'Ábẹ́òkúta, náà wà níbẹ̀, Ìlọrin náà ń kọ́ wọn. Ọdún 6 ni wọ́n ń lò lẹ́nu ẹ̀kọ́ yìí, tí wọ́n bá jáde tán, èyí tó pọ̀ ń lọ tọ́jú ajá l'Ékòó, àwọn míì lọ sí oko adìẹ ńlá, àwọn míì ti gba òkè òkun lọ. Ẹ fi oṣù bíi méjì nínú ọdún 6 yẹn sí abúlé, kí wọ́n máa sùn síbẹ̀, kí ìpele kan máa gbà á lọ́wọ́ èkejì, kó má sí ìgbà tí a ò ní rí ẹni pè. Ẹ sì mú lára àwọn ọmọ wa tó ń jáde sẹ́kọ́ńdìrì níbí, ẹ ràn wọ́n lọ́wọ́ kí wọ́n lè kàwé yìí, ọmọ tó gbọ́njú mọ ewúrẹ́ á padà wálé ju ẹni tí ò mọ oko rí lọ.

Máàkì tèmi, 7 nínú 10. Mẹ́ta tó kù wà fún aago, bébà òyìnbó àti gàá. Tí wọ́n bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín, ẹ tètè dé, ẹ mú okùn dání, ẹ má kó ẹran tó ń wúkọ́ wá sáàárín àwọn tó le, ẹ sọ fún dókítà kó wá wò ó nílé. Tiwa, a ti bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n padà wá kí ọyẹ́ tó dé, torí ìgbà yẹn ni kata àti lùkúlùkú máa ń le jù lọ́dọ̀ wa.