Pípa á rọrùn, mímú un láàyè ni wàhálà: àgbéyẹ̀wò XCOM: Enemy Unknown

Ẹni tó bá mọ ayò ọlọ́pọ́n ta ti mọ ìdajì gémù yìí. Ẹ ta tiyín, ẹ gbọ́wọ́ sílẹ̀, ọ̀tá náà a ta tirẹ̀. Kì í ṣe eré ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá. Ẹ lè dìde lọ jẹ iyán, kí ẹ bu omi mu, kí ẹ padà wá, àjèjì yẹn, ẹ̀dá òde ayé tí ẹ ń bá jà, ò ní kúrò níbi tí ẹ fi í sí. Iléeṣẹ́ Firaxis ló ṣe é, ó jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2012, ẹ̀dà Android sì tẹ̀ lé e ní 2014. Ti àwòrán àti ìtàn rẹ̀, àwọn mìíràn ti wí i tó. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń há ni mo fẹ́ sọ: mímú àjèjì láàyè.

Bí ẹ bá ń yìnbọn pa gbogbo ohun tí ẹ rí, ẹ ó dé ibi kan tí ìtàn ò ní lọ síwájú mọ́. Wọ́n á ní kí ẹ mú àjèjì kan wá láàyè. Bí wọ́n bá ti fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò tán, wọ́n á tún béèrè Outsider, irú àjèjì kan tó máa ń wà nínú ọkọ̀ wọn, nítorí lára rẹ̀ ni èérún tí a fi ń ṣe Skeleton Key ti ń jáde, ìyẹn kọ́kọ́rọ́ ibùdó àwọn àjèjì. Kò sí ọ̀nà ẹ̀bùrú níbẹ̀. Èrè tún wà lórí ìyẹn. Ìbọn àjèjì máa ń fọ́ yángá bí ẹni tó ni ín bá kú, ṣùgbọ́n bí ẹ bá mú un láàyè, odidi ìbọn ló wọlé. Ẹ parí ìwádìí lórí irú ìbọn bẹ́ẹ̀, sójà yín gbé e kọ́ apá, ẹ ò ní láti ná owó àti Elerium, ohun èlò àwọn àjèjì, láti rọ tuntun. Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò náà sì máa ń gé ọjọ́ kúrò lára ìwádìí mìíràn.

Ìmúrasílẹ̀ ò gùn. Ẹ kọ́kọ́ ṣe ìwádìí Xeno-Biology, ìyẹn ìwádìí nípa ara àwọn àjèjì. Lẹ́yìn rẹ̀ ẹ gbẹ́ ihò sílẹ̀ lábẹ́ ibùdó yín, kí ẹ kọ́ yàrá Alien Containment, àtìmọ́lé àwọn àjèjì, síbẹ̀. Yàrá náà ń jẹ iná, nítorí náà ẹ wò ó bóyá ẹ̀rọ amúnáwá yín gbé e kí ẹ tó ná owó. Ẹ ṣe ìwádìí Arc Thrower, ohun ìjà tí a fi ń mú àjèjì dákú, kí ẹ rọ méjì, kí ó má jẹ́ ẹyọ kan. Àyè kan ni ó ń gbà lára ẹrù sójà, èyí tó túmọ̀ sí pé ẹni tó gbé e lè má rí àyè gbé bọ́ǹbù ọwọ́ tàbí àpò oògùn. Ẹni tó ń sáré ni kí ẹ fún nínú àwọn irú sójà tó wà: Assault, nítorí Run & Gun tó ń jẹ́ kó sáré kó tún yìnbọn, tàbí Support tó ti ní Sprinter, ẹ̀bùn ìrìn jíjìn.

Ibi tí ọ̀ràn wà gan-an nìyí. Bóyá Arc Thrower á mú un tàbí kò ní mú un kò kan bí sójà ṣe mọ̀ ọ́n yìn sí, kò sì kan ohun tí àjèjì sá pamọ́ sí. Ẹ̀mí tó kù lára àjèjì nìkan ló ń wò. Bí àpótí kéékèèké orí rẹ̀ bá ṣe kéré tó ni ìdá àǹfààní láti mú un ṣe ga tó, ó sì máa ń hàn lójú gémù kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì. Nítorí náà kì í ṣe Arc Thrower ni ẹ ń kọ́, ọṣẹ́ tí ẹ ń ṣe ṣáájú rẹ̀ ni. Ìbọn gbọọrọ ìbẹ̀rẹ̀ máa ń yọ ẹ̀mí 2 sí 4. Sectoid, àjèjì kékeré tí ẹ ó kọ́kọ́ bá pàdé, ní ẹ̀mí 3 ní ìpele Normal. Ọta kan tó bá bà á dáadáa, òkú ni. Ṣùgbọ́n bọ́ǹbù ọwọ́ lásán kì í tàsé, 3 gééré ló sì ń yọ, kò lé, kò dín, bíi kóńgò tí wọ́n fi ń wọn gàárì ní Ọjà Ọba. Ní Normal ó pa Sectoid. Ní ìpele Classic tó le ju Normal lọ, Sectoid ní 4: bọ́ǹbù náà fi 1 sílẹ̀, ó sì wó ohun tó sá sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ ò lè rí àǹfààní tó mọ́ ju ìyẹn lọ. Ó yani lẹ́nu pé ìpele tó le ló rọrùn láti mú un.

Bí ẹ ṣe ń lọ síwájú ni ìbọn yín ń lágbára sí i, bẹ́ẹ̀ ni mímú ń nira sí i. Ẹni tó kó ìbọn laser fún gbogbo ọmọ ogun, tó sì wá ń wá Thin Man, irú àjèjì mìíràn, láàyè, ń fi àdá gé èékánná. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan máa yọ ìbọn ìléwọ́ rẹ̀ fún ìgbà tó bá ku díẹ̀ kí ọ̀tá kú. Gbogbo irú sójà ló ní in àfi Heavy, ọ̀pọ̀ ò sì rántí pé ó wà níbẹ̀.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni Overwatch, ìyẹn kí sójà máa ṣọ́nà, kó yìn ọ̀tá tó bá gbẹ́sẹ̀. Ẹ ti ṣe Sectoid léṣe, ẹ̀mí 1 ló kù, ẹni tó gbé Arc Thrower ò tíì dé tòsí, ẹ wá fi àwọn yòókù sí Overwatch nítorí ó ti mọ́ yín lára. Àjèjì náà gbẹ́sẹ̀, ìbọn mẹ́ta dún pọ̀, ó kú. Suppression, ìyẹn yíyìn léraléra láti dá ọ̀tá dúró, náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: ó ń ba ìfojúsùn ọ̀tá jẹ́, ìyẹn dára, ṣùgbọ́n tó bá yẹsẹ̀, ọta á bá a. Disabling Shot ti Sniper, sójà ayìnbọn lókèèrè, ló dára jù, nítorí ìbọn àjèjì ò ní yìn títí yóò fi tún un kì. Ẹ tún ṣọ́ra fún Sectoid méjì tó fi okùn iná so orí pọ̀. Bí ẹ bá pa èyí tó ń fún ẹnì kejì lágbára, àwọn méjèèjì á kú pọ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ìrìn. Ọwọ́ Arc Thrower kúrú, ẹ gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn bí ọdẹ tó fẹ́ gbá òyà mú. Ẹ má ṣe fi ẹni náà sí ìta gbangba. Bí ó bá kùnà, àjèjì á yìnbọn fún un láti ibi tí kò lè tàsé. Ẹ kọ́kọ́ pa gbogbo àwọn yòókù, kí ó ku ẹyọ kan ṣoṣo. Berserker ni ó yàtọ̀: ẹni tó bá yìnbọn bà á ló ń sáré tọ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Arc Thrower yìn ín, yóò gbé ara rẹ̀ wá fún yín.

Cyberdisc àti Sectopod kì í ṣe ẹran, irin ni wọ́n, ẹ má fi àkókò ṣòfò. Chryssalid náà, ẹ pa á lókèèrè.

Àwọn tó máa ń fi save padà sẹ́yìn, ẹ gbọ́: bí Arc Thrower bá kùnà, tí ẹ padà tí ẹ tún tẹ ohun kan náà, yóò tún kùnà. Gémù ti mú nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ yí ètò padà, kí ẹlòmíràn kọ́kọ́ yìnbọn, nígbà náà ni àbájáde lè yàtọ̀. Ní Ironman, irú eré tí kò gbà kí ẹ fi save padà sẹ́yìn, kò sí ìyẹn rárá.

Ẹni tó ti ìdí X-COM ọdún 1994 bọ̀ máa ń fẹ́ sáré kó ìbọn àjèjì tó dákú, nítorí nínú ti àtijọ́ ó lè jí, kí ó tún bẹ̀rẹ̀ ìjà. Níbí kò ní jí. Ní ti ẹni tó bá fẹ́ kí mímú jẹ́ ohun gbogbo ìgbà, Chimera Squad ti 2020 ló yẹ ẹ́, ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń gbá ọ̀tá dákú níbẹ̀. Èmi ò fẹ́ràn rẹ̀ tó èyí, kò ba ènìyàn lẹ́rù tó.

Fóònù tàbí kọ̀ǹpútà alágbèéká? Bí iná ṣe ń ṣe wá ní Adó àti Ìkẹ́rẹ́, fóònù lẹ yóò kọ́kọ́ rò, kò sì burú, nítorí gémù ò nílò íntánẹ́ẹ̀tì láti ta ìjà àdáta. Ṣùgbọ́n ojú fóònù kéré, ìka yín á bo ilẹ̀ tí ẹ fẹ́ tẹ̀, ìṣísẹ̀ kan tó ṣì lọ sì tó láti sọ sójà nù. Nínú ọkọ̀ àjèjì tó ní àjà méjì, àmì ìtọ́ka máa ń fò láti ìsàlẹ̀ sí òkè fúnra rẹ̀, lórí kọ̀ǹpútà pẹ̀lú. Ẹ yí kámẹ́rà, kí ẹ rí i pé ibi tí ẹ fẹ́ gan-an ló tàn, kí ẹ tó rán ẹni tó gbé Arc Thrower lọ bá Outsider.